Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ Mi Tí Mo Pè Ní Ọ̀rọ̀ Ọkọ Rẹ

Abà Dáramọ́lá,
Ọjọ́ Ajé.

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní èbúté Tin Can, ṣé ọ̀gá rẹ kò sì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ntánà gba oorun lójú rẹ mọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀ kò ní tòògbé, ẹrù tí o bá ń gbà ní èbúté kò ní há. Àwa náà wà dáadáa nílé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti yọ, ewúrẹ́ Dáhùnsí aládùúgbò wa tó ń jẹ ilá mi ti bí méjì, wọ́n wá di mẹ́ta tó ń jẹ ẹ́.

Mọ́rúfù awakọ̀ tírélà ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó ní tí òun bá dé Malu Road tí àwọn tírélà ti ń tò, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kí òun tó wọ èbúté, nítorí náà wàá ráyè fèsì dáadáa. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù tí o rà fún mi yìí, bí mo bá ń fi í sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi, àwọn ará ilé Dáhùnsí a máa ṣe àmín sí i.

O rántí ọjọ́ Sunday tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, tí ọ̀gá rẹ pè ọ́ láàárín ìsìn, tí o ní kí Josephine tí ẹ jọ ń gbélé mójú tó mi. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n gbé tábìlì sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Àpápá GRA, wọ́n ní àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ìyá. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Chinyere ló jókòó síbẹ̀, Josephine sì ń túmọ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀, torí Yorùbá tiẹ̀ náà kò ju ti ọjà lọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló pa ìyá mi, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé ẹnikẹ́ni ní àrùn ẹsẹ̀. Títílọpẹ́, ta ni kò mọ ìbéèrè yẹn? Ohun tí alárinà máa ń wádìí kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ nìyẹn, èmi náà ni mo lọ wádìí rẹ̀ nílé àwọn òbí ìyàwó Níyìọlá ẹ̀gbọ́n rẹ. O ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo sì ti gbààwẹ̀ títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín ti rí ọ, ó wá rán nọ́ọ̀sì kó fi ẹ̀jẹ̀ ríru bojú.

Mo wá dáhùn bí abiyamọ ṣe ń dáhùn. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mí, mo ní mọ́kàndínláàádọ́ta, kí wọ́n má bàa ṣírò tìrẹ. Ó wojú mi pẹ́ kó tó kọ ọ́, Josephine sì ń wúkọ́. Ó ní ṣé mo ń mu sìgá, mo ní sìgá kò kan ẹnu mi rí, òótọ́ sì ni, ìkòkò tábà tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo ń mu lẹ́yìn ilé ìdáná, kò béèrè ìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà, mo ní a kì í ní in nílé wa. Ìyá mi tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, mo ní ojú oorun ló gbà lọ. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ máa ń dùn mí tí mo bá ń rìn, mo ní bí mo bá gbéra ní Àpápá, ó di Ajégúnlẹ̀ kí n tó mí. Lẹ́yìn náà ló so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó tún so ó mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ló fi dá mi lójú, torí àna tó bá gbọ́n á wo ẹsẹ̀ ìyá kó tó gbé ọmọ. Ó ní ti apá ga, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo ayé ń sá fún, tèmi kò tíì dé ẹsẹ̀.

Ó wá kọ lẹ́tà kan, ó lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù, kí n tètè gbé e fún ẹni tó yẹ kó kà á. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ lẹ́tà ìtọrọ? Ẹnìkan kì í sì í dá ṣí i, ẹbí ní láti pé. Mo fi í sínú Bíbélì mi, mi ò sọ fún ọ kí ojú má bàa tì ọ́, mo sì ń wọ̀nà fún àwọn àna wa fún oṣù mẹ́ta.

Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, àwọn ará abà bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Bí mo bá ti rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi á fún pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbá a mú, bí mo bá sì dúró, á tú mi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àna gbọ́ pé ìyá ìyàwó ń tiro, nítorí náà ibi tó bá ti mú mi ni mo ń yà sí, mo ń kí onílé, mo ń béèrè ọmọ, mo ń béèrè ewúrẹ́, títí yóò fi fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti Èkó dé ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìwà. Ẹgbẹ́ ìyá ti fi mí ṣe olórí àwọn abẹniwò.

Sátidé tó kọjá, sùúrù mi tán, mo pe ẹbí jọ. Akínsànyà àbúrò bàbá rẹ dé fìlà wá, mo se ẹ̀wà, Tíṣà Timothy tó gbọ́ òyìnbó já àpòòwé. Ó kà á díẹ̀, ó ní kò sí ọkọ níbẹ̀. Ó ní sí dókítà ni wọ́n kọ ọ́, pé kí wọ́n rí mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ mi ti ń dí, ìdí nìyẹn tí ti ẹsẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó ya òun lẹ́nu, torí ìyá yìí kò tíì dàgbà, kò mu tábà, kò ní ṣúgà, kò sì sí irú rẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀. Gbogbo ẹbí yíjú sí mi. Ìkòkò tábà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Akínsànyà ní òun rò pé àrùn ọkùnrin nìyẹn, Timothy sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń rò ó títí ẹsẹ̀ yóò fi dúdú, pé tábà àti ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í béèrè akọ tàbí abo, pàápàá bí nǹkan oṣù bá ti dá tipẹ́.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Egbò kékeré kan wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi láti ìgbà tí a ti gbin iṣu, kò tíì jiná. Bí ti ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo bẹ̀ ọ́, lọ bá mi gba fọ́ọ̀mù tí Nọ́ọ̀sì Chinyere kọ ìdáhùn mi sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ọdún méjìdínláàádọ́rin síbẹ̀. Kọ tábà, kọ ṣúgà, kọ ẹsẹ̀ ìyá mi. Kọ ọ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ò ń rà, èmi àti Àdùfẹ́ ọ̀rẹ́ mi la jọ ń lò ó, òun lónìí, èmi lọ́la. Tí ojú bá ń tì ọ́, sọ pé àbúrò mi ló wá lọ́jọ́ yẹn. Mo ti gbé ìkòkò náà fún Akínsànyà, mo lọ gbà á padà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo ti dá a padà fún un. Kí o sì rọra bi nọ́ọ̀sì náà bóyá ó mọ ọkùnrin rere kan, níwọ̀n ìgbà tó ti mọ ẹbí wa báyìí.

Fi owó ọkọ̀ àti owó dókítà rán Mọ́rúfù, tàbí kí o wá mú mi fúnra rẹ, ìyẹn ni mo fẹ́ jù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi irọ́ dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀mí rẹ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò fẹ́ ọ á rí ọ, èmi náà á sì fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì sìn ọ́ dé ilé rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, ilé Àdùfẹ́ tó jẹ́ ìkẹfà sí tiwa ni mo kọ́kọ́ máa ń yà sí bí ẹsẹ̀ bá mú mi. Nígbà tó yá, ó di ilé kẹta. Láàárọ̀ yìí tí mo ń lọ ra báírò tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, ilé Dáhùnsí tí a jọ pín ògiri ni mo ti dúró kí ènìyàn. Tètè máa bọ̀, kó tó di pé ẹnu ọ̀nà tèmi ni màá ti máa dúró, màá sì máa béèrè àlàáfíà ara mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màmá Níyìọlá.