Bàtà Tí Mo Fọ̀ Láàárọ̀ Àbámẹ́ta

                                        Yàrá Kejì, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alẹ́.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá.

Adúmáadán, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó sọ ohunkóhun, gba ìròyìn ọmọ ná. Ìyàwó ọmọ mi kejì bí ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ti ń pariwo ju bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe káfíńtà náà ti bí ọkùnrin. Ìkẹrin nìyẹn. Ó ní òun ti ṣíwọ́, ìyàwó rẹ̀ ní ẹnu òun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Àbígbẹ̀yìn mi, nọ́ọ̀sì, ti fẹ́ awakọ̀ tí mo sọ fún ọ. Wọ́n fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó wá ku èmi àti ọmọ-ọmọ mi nínú ilé yìí, èmi ò sì wá ọkọ mọ́.

Báwo ni ara rẹ? Ṣé orúnkún ti ń gbà ọ́ láyè láti gun àtẹ̀gùn? Báwo ni àwọn ọmọ, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Mo gbọ́ pé ojú ń dùn ọ́, pé o ti pa kíláàsì tì, pé ìyàwó ọmọ rẹ ló ń ka lẹ́tà mi fún ọ. Ìyàwó wa, mo kí ọ, má fo ìlà kankan o. Olùkọ́ wa nílé-ìwé alẹ́ ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti dúró dáadáa báyìí, pé tẹ́lẹ̀ ńṣe ni ó ń fì bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìwé kíkà yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ níbòmíì.

O mọ Lékeléke, ọmọ-ọmọ mi tí àkọ́bí mi obìnrin bí, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. O rántí pé ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ àti aṣọ funfun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ijó bálẹ́ẹ̀ ló ń jó, èyí tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ilé aládùúgbò lórí ògiri. Ẹgbẹ́ wọn ń lọ ìrìnàjò ìlú méje. Oníjó méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, àyè méjìdínlógún ló wà nínú ọkọ̀. Ọdún méjì ni Lékeléke ti ń jó láàárín èrò lẹ́yìn, kò tíì wọ ọkọ̀ yẹn rí. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n máa ń ṣe eré pàtàkì kan lọ́sàn-án fún àwọn tó ń fi owó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó yẹ kó dá jó níbẹ̀ fẹsẹ̀ rọ́. Ọ̀gá Ijó, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, pe Lékeléke pé kó bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo bá rí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa fi mọ̀ bóyá o máa wọ ọkọ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ ò ti jẹun dáadáa mọ́.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún ọ. Bàtà ijó yẹn, tó bá wà ní tuntun, ó le bí igi. Aṣọ lórí aṣọ ni, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀ níbi orí ìka. Oníjó á gbá a mọ́ ògiri, á fi ilẹ̀kùn há a, á fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà yọ̀, títí bàtà á fi mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á rán ríbọ́ọ̀nù tó máa fi so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í rán ti ẹlòmíì, kí ẹni tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ bá tú níwájú èrò má baà rí ẹni dá lẹ́bi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Lékeléke fi gbá bàtà mọ́ ògiri wa. Aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé ejò la rí ni. Bàtà kan péré ló ráyè tọ́jú.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó wọ ògbólógbòó bàtà lọ síbi ìdánrawò. Ó fi tuntun sílẹ̀ nínú àpò aṣọ kan lórí àga, kí n gbé e bá òun wá pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Mo tú àpò náà. Bàtà tó yẹ kó máa dán ti dọ̀tí, ẹfun ògiri wa wà lára rẹ̀. Mo rò ó pé àwọn olówó máa jókòó, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni wọ́n máa tẹjú mọ́. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò náà. Mo yọ ọ́, mo fi sórí tábìlì kí omi má baà kàn án. Ìwé ni mo gbà lọ́wọ́ omi, n kò gba bàtà. Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sá a sórí okùn, mo tún ń kọrin.

Nígbà tí mo lọ ká a, orí rẹ̀ ti rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Mo sáré wọlé, mo fi awò sójú, mo gbé ìwé náà. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà nítorí mi: "Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi kan bàtà yìí. Àtè inú rẹ̀ á yọ́. Bó ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e wá." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo gbé bàtà tútù náà sínú ọ̀rá, mo wọkọ̀ lọ. Adúmáadán, ẹ̀yìn ìtàgé kò jọ iwájú rẹ̀ rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni, àpótí irin kún ibẹ̀, nítorí wọ́n ti ń di ẹrù ìrìnàjò sínú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n fi àwọn aṣọ funfun kọ́ lódìlódì kí etí wọn má baà wọ́. Oníná ń ká wáyà. Ìyá Aláṣọ, ẹni tó ń tọ́jú aṣọ gbogbo wọn, ń lọ aṣọ, píìnì mẹ́fà wà lẹ́nu rẹ̀. Lékeléke gbé ẹsẹ̀ lé irin kan lára ògiri, ó ń na ara. Mo na ọ̀rá sí i.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà náà. Orí bàtà náà jìn wọnú. Lékeléke gbé ojú sókè wò mí.

Ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé ẹ rí ìwé tí mo fi síbẹ̀?"

Mo ní, "Mo rí i."

"Ṣé ẹ kà á?"

Mo lè sọ pé awò mi sọnù. Mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le jù mí lọ, gbogbo wọn ì bá sì ṣàánú mi. Mo ní, "N kò kà á. Mo mọ̀ ọ́n kà, mi ò kà á ni." Ó yíjú sí ògiri.

Wákàtí méjì ló kù. Ìyá Aláṣọ yọ píìnì lẹ́nu, ó ní, "Èyí ò lè gbẹ lónìí, kódà ká yan án." Bàtà tuntun tí ẹgbẹ́ ń retí kò tíì dé, ògbólógbòó tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ti rọ̀ jù fún ijó àdájó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́ sọ̀rọ̀ láti orí àpótí tó jókòó lé, báńdéèjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan náà la ní." Kò sẹ́ni níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé bí Lékeléke bá jó dáadáa, àyè ẹni yìí nínú ọkọ̀ ló máa gbà. Òun náà mọ̀. Ó ní, "Ó wà nínú báàgì mi. Mú u. Bàtà ò kúkú lè dá jó." Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ kò bá ọrùn ẹsẹ̀ Lékeléke mu. Ó di dandan ká tú u ká tún un rán. Lékeléke gbé abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òwú kọ̀ tí kò wọ ojú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi rán mátíráàsì, ó sì mọ ọwọ́ mi. Ó wo abẹ́rẹ́, ó wò mí, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ lé mi lórí itan.

"Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yọ síta. Aṣọ inú nìkan."

"Mo gbọ́."

"Ẹ tún un sọ fún mi."

"Kí abẹ́rẹ́ má yọ síta. Aṣọ inú nìkan." Mo sọ ọ́ bí ọmọ kíláàsì.

Mo fi òwú sẹ́nu kí ṣóńṣó rẹ̀ lè dúró. Ìyá Aláṣọ ní, "Màmá, omi lẹ tún ń mú bọ̀ yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lékeléke kò rẹ́rìn-ín. Ríbọ́ọ̀nù mẹ́rin ni. Ìkẹrin wà lọ́wọ́ mi nígbà tí aago lù pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọ́n ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé. Àwọn tó wà níwájú, orin ni wọ́n ń gbọ́. Níbi tí mo wà, ẹsẹ̀ ni mo ń gbọ́, kó, kó, kó, àti èémí. Má bi mí bí ijó náà ṣe rí, ríbọ́ọ̀nù ni mo ń wò. Nígbà tó dé ìdajì, ṣóńṣó ti ẹsẹ̀ òsì yọ síta bí ìrù eku, ó ń fì. Ìkẹrin yẹn ni. Ó sì ku ìyípo mẹ́jọ lórí ẹsẹ̀ náà. Mo di nǹkan kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oníná rọra ṣí ìka mi, ó ní, "Màmá, wáyà iná nìyẹn." Mo ka ìyípo náà láti ọ̀kan dé ẹ̀jọ. Ojú rírán kò tú.

Bó ṣe kọjá aṣọ ìkélé ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ lé orúnkún, ó ń mí bí ẹwìrì. Ọ̀gá Ijó wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì fa ríbọ́ọ̀nù náà. Ó ní, "Ta ló rán èyí?"

Lékeléke ní, "Màmá mi àgbà ni."

Ó tún un fà. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìkíni nìkan ló ń jáde lẹ́nu ọmọ yẹn sí mi. Lánàá ni wọ́n lẹ ìwé orúkọ àwọn tó ń rìnrìn àjò mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A jọ lọ, ó dúró lẹ́nu géètì. Ó ní, "Ẹ lọ kà á. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹ kàn máa bọ̀, ẹ má sọ nǹkan kan."

Mo fi awò sójú, mo fi ìka tọ ìlà láti òkè. N kò fo ọ̀kankan. Nígbà tí mo dé ìkẹtàdínlógún, n kò tíì rí orúkọ rẹ̀. Mo ka ìkejìdínlógún, mo tún un kà. Ẹni tó yá wa ní bàtà kò sí níbẹ̀. Mo wá a lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ka ìyókù tó wà nísàlẹ̀, kí n tó padà.

Mo ní, "O wà níbẹ̀. Ìwọ lo kẹ́yìn. Aago márùn-ún àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra, ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀. Àpótí kan péré fún ẹnì kan. Kí kálukú mú ìwé dókítà dání."

Ó wò mí. "Gbogbo ẹ̀ lẹ kà?"

"Títí dé ibi òǹtẹ̀."

Ó bọ́ báàgì èjìká rẹ̀, ó gbé e fún mi kí n bá òun gbé e, a sì jọ ń lọ sílé. Láàárọ̀ yìí mo dá ríbọ́ọ̀nù bàtà àyálò náà padà sí bó ṣe wà. Lékeléke fúnra rẹ̀ ló máa gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, n kò sì mọ ohun tó máa sọ fún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí ìyá tó ń ta bọ́tìnnì lọ́dọ̀ yín. Tọ́jú orúnkún rẹ.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ látìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́,

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Oní-mátíráàsì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ àná, Ìyá Aláṣọ ní kí n bá òun rán ìkọ́ aṣọ ìrìnàjò tó kù, ó sì sanwó fún mi. Wọ́n gbé yíǹkì wá kí n tẹ àtàǹpàkò sínú ìwé ìgbowó. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bírò. Owó náà ló wà nínú àpò ìwé yìí. Fi ra awò ojú, kí o lè máa ka ti ara rẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni.