Ife Tí Ẹ Dojú Rẹ̀ Dé

Bàbá mi àtàtà,

Àjàrà yín ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni bíríkìlà máa wá hú u.

Ẹ má bínú sí mi. Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ yín, ti lóyún oṣù méje. Onílé wọn ní Ongar fẹ́ gba ilé ẹ̀ padà, mo sì ti wá ilé kiri Dublin fún un, kò sí èyí tí apá wa ká. Mo fi okùn wọn ẹ̀yìnkùlé wa ní Corduff. Ibi tí ilé onígíláàsì yín wà nìkan ló lè gba yàrá. Fèrèsé táwọn èèyàn jù nù lẹ fi kọ́ ọ, ìṣó nìkan lẹ rà. Ọdún tí wọ́n fún wa ní ìwé ìgbélùú lẹ gbin àjàrà yẹn síbẹ̀, wọn ò tíì bí Fọlákẹ́.

Ṣé ẹ rántí? Èmi ni mo máa ń tẹ èso, ẹ̀yin lẹ máa ń sẹ́ ẹ. Ẹ dá ẹmu nílé títí irun yín fi funfun, ẹ wá sọ wáìnì òyìnbó di ẹmu. Ẹ ó fi òrùka kan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tí ọ̀rọ̀ tí a gbé wá bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó mu ún tán, ẹ ó dojú ife dé. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ò ní fẹnu kàn án.

Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ sọ́run, èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bu ife kan síwájú àga yín, mo ro ọ̀rọ̀ yàrá náà fún yín, mo tilẹ̀kùn, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, wáìnì náà ti kún dé etí ife. Bàbá, ìdajì ni mo bù. Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í fi nǹkan ṣòfò.

Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí. Mi ò tọ́ ọ wò! Èmi ọmọ adẹ́mu gbé ẹmu síwájú àgbà láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí ẹni tó bu májèlé. Ṣé ìyẹn ló bí yín nínú, àbí ọ̀rọ̀ igi náà?

Mo kúnlẹ̀, mo fẹnu kàn án. Ó tutù, ó kan díẹ̀ bó ṣe máa ń kan. Mo gbé e padà, mo tilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn, mo lọ dúró lẹ́nu géètì títí bọ́ọ̀sì mẹ́fà fi kọjá. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí nǹkan kan ìgò nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nígbà tí mo wọlé, ife ti dojú dé. Tábìlì gbẹ táútáú.

Mo dúpẹ́, mo gbé ife náà sókè. Kóró àjàrà kan wà lábẹ́ ẹ̀, ó tutù, ẹran èso ṣì wà lára ẹ̀. Bàbá, oṣù kejì ọdún la wà, nínú òtútù. Igi yín ò ní ewé kan lórí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sẹ́ wáìnì náà.

Èso ibo lẹ̀ ń jẹ? Ta ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀?

Kí bíríkìlà máa bọ̀. Mo ti gbin kóró náà sínú ike bọ́tà, ojú fèrèsé yàrá ọmọ ló máa wà. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí i.

Mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Èmi ni,
ọmọ adẹ́mu, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn ẹ̀.