Òdòdó Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Tí A Fẹ́ Tà

Ikpinlè, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Ghislain ọmọ mi,

Ṣé o wà láàyè? Mi ò tíì kí ọ, mi ò sì tíì ṣàdúrà kankan, nítorí mi ò mọ irú àdúrà tó yẹ kí n ṣe, bóyá ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ni, àbí ti ẹni tó ti lọ sinmi. Bí o bá wà láàyè, jọ̀ọ́ má bínú sí mi, kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kí Solange ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ máa rí ọ bá jẹun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá ṣí lẹ́tà yìí rọra kà á.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ló fa gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo ní kí a ta ilé, kí èmi àti ìyá rẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, o ní oníbàárà kan ń bọ̀ láti Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n tún ilé ṣe kó lè wù ú. Gbogbo ohun tí o sọ nínú tẹlifóònù ni mo fi bíìkì kọ sílẹ̀, ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ní kọlẹ́ẹ̀jì, èmi kì í ṣe púrúǹtù.

O ní kí n kun ilé ní funfun, mo kùn ún. O ní kí n kó ẹrù jáde kí yàrá lè fẹ̀, mo kó o, bẹ́ẹ̀dì àti àpótí ìyá rẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò, orí ẹní la sì ń sùn. Ohun tí kò yé mi níbẹ̀ ni pé bí ẹni tó ra ilé bá kó ẹrù tirẹ̀ dé, ṣé yàrá náà kò ní padà sí bó ṣe wà ni? O ní kí n yọ fọ́tò kúrò lára ògiri kí oníbàárà lè rò pé ilé òun ni. Mo yọ ti bàbá mi, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn kí n tó yọ ọ́. Tìrẹ nìkan ni mi ò gbé pamọ́, èyí ńlá tí o ti wọ kóòtù, nítorí ẹni tó fẹ́ ra ilé gbọ́dọ̀ mọ ojú ọmọ tó ní kí a tà á. Mo gbé e sórí tábìlì ní fàráńdà, mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀. O tún ní kí n fi òdòdó sẹ́nu ọ̀nà. Ta ló ń ta òdòdó nílẹ̀ Ọ̀họ̀rí? Mo gun alùpùpù dé Adja-Ouèrè, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kan pósí nìkan ni mo ti rí i, àwọn tó rí róbótó bíi táyà, mo ra méjì, mo gbé ọ̀kan kọ́ sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì. Ó lẹ́wà gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mi ò tíì gbálẹ̀ tán tí ìyá Prisca, tó ń fún epo lẹ́yìnkùlé wa, fi yọ. Ó wo ilé, ó wo òdòdó, ó wo fọ́tò rẹ, ló bá bú sẹ́kún. Mo ní kí ló dé, ó ní kí n ṣọkàn gírí, pé òbí kì í kọ́kọ́ gbọ́. Kí ni òbí kì í kọ́kọ́ gbọ́? Gààrí ló gbé kalẹ̀ tó lọ. Kó tó di ọ̀sán, ilé ti kún. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, kò sẹ́ni tó ń kun ilé àfi bí òkú bá wà nínú yìnyín, tí wọ́n fẹ́ gbé e wálé wá sin. Mo ṣàlàyé fún wọn pé títà ni mo fẹ́ ta ilé. Akíndèjì tó ń fi àga àti báàṣì tí a fi ń bo àtíbàbà háyà wò mí tàánú-tàánú, ó ní ṣé ohun tí wọ́n sọ fún Bàbá Ghislain nìyẹn? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà, bí wọ́n ṣe tàn án nìyẹn, wọ́n ní kó kun ilé, pé mínísítà ń bọ̀.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Faransé, ó ní ẹni tí mò ń pè kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo, àti pé níbo ni wọ́n gbé e sí, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, ó sì pa tẹlifóònù mọ́ mi létí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè. Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn.

Oníbàárà dé lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́. Ó bá báàṣì àti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nílẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún fọ́tò rẹ, ó fi owó díẹ̀ sínú àwo, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó jẹ ìrẹsì, ó lọ. Kò wo yàrá kankan, pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe mú kí wọ́n fẹ̀ tó.

Ìyá rẹ ló tún rú mi lójú jù. Mò ń pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo ní ọ̀dà ilé ni àwọn èèyàn ń wá wò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọ̀dà náà dára. Àmọ́ láti ọjọ́ Ẹtì, orí ẹja ló ń bù fún mi, kò sì bá mi jà mọ́ rárá. Àbí òun ti gbọ́, tí òun náà ń pa á mọ́ fún mi?

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí ìrẹsì táwọn akọrin jẹ. Mo kọ́kọ́ rò ó pé bí owó bá ti wọlé, ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn, nítorí òkú kì í fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Moyọ̀sọ́lá tó ń bá wa gba owó látorí tẹlifóònù ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ lè fi í ránṣẹ́, títí kan opó. Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, àmọ́ ìwé tí o fọwọ́ ara rẹ kọ ni mo fẹ́ rí. Mo mọ ọwọ́ rẹ, ìlà rẹ kì í gún, Solange kò lè kọ irú ìkọkúkọ yẹn láé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o dàgbà jù mí lọ, kí ìwọ ni o sin mí, kí o sì kun ilé náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò dúró de èsì. Wọ́n ti fi ètò sí Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ń bi mí bí o ṣe ga tó nítorí pósí. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù di Ọjọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tètè kọ̀wé.

Èmi bàbá rẹ,
Abọ́dúndé