Òkú Tí Awwal Ní Ká Má Sun

Agboolé Bámilóyè,
Bajúláyé, Ṣómólú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
8 Oṣù Kejì, 2025.

Ẹwàolúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà l'Abẹ́òkúta? Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà ń dúpẹ́. O kú àdúrótì lọ́jọ́ tí a sin Awwal, àbúrò mi.

O rántí ọ̀rọ̀ tó sọ lójú wa ní ọsibítù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun òkú mi o." Màámi dáhùn pé, "Ọmọ mi, ta ní í sun òkú Mùsùlùmí?" Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́. Ẹwà, a ṣì í gbọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ fídáù, Bọ̀ọ̀dá Mùsílíù, àgbà ilé wa, ní kí wọ́n palẹ̀ àgbàlá mọ́ de àwọn Ààfáà. Wọ́n ti gbé kẹrosíìnì dé ìdí ìtì igi ìyeyè tí ìjì wó lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ni mo bá rí lẹ́búlẹ́bú igi tó ń dà lójú ihò kan lára rẹ̀. Ṣebí "òkú mi" ni Awwal máa ń pe igi yẹn! Tó bá ti ti iléèwé tó ti ń kọ́ni dé, á ní òun ń lọ kí òkú òun. Ó ní àwọn ọmọ kòkòrò oníwo gígùn kan ló wà nínú rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń jẹ igi jíjẹrà nínú òkùnkùn kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Tí wọ́n bá wá jáde, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n ń lò lórí òdòdó kí wọ́n tó kú.

Mo jókòó lé igi náà. Bọ̀ọ̀dá bínú, wọ́n ní ṣé orí mi pé? Mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé. Màámi kàn wá jókòó tì mí. Ta ló máa dáná sun igi tí ìyá olóògbé jókòó lé?

Àná ni àwọn kòkòrò náà jáde. Ìyá Dáraolúwa, ayálégbé wa, pariwo pé, "Agbọ́n o!" ó sì sáré gbé ọ̀tapiápiá. N ò bá a wí, tìyẹ́-tìyẹ́ ni wọ́n fi jọ agbọ́n, dúdú pẹ̀lú ìlà òféèfèé. Ẹ̀wù tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ nìyẹn, wọn ò lóró rárá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi fò lọ sórí òdòdó máńgòrò, tí wọ́n ń jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀. Inú mi dùn, ó sì bà jẹ́, pé ojú Awwal kọ́ ló rí i.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Màámi náà ní kí n kí ẹ. Abẹ́ máńgòrò ni wọ́n wà láti àárọ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé: "Awwal, ọmọ mi, a ò sun ún."

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Mọ́nsúrátù