Ogìrì Lárà àti Ehoro Ìbàdàn

Ilé Oyèbísí,
Ìlá-Ọ̀ràngún,
Oṣù Keje, 1956.

Ọládùnní ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárò ilé, mo kí àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, mo sì kí ehoro yín. Olúwa tó ń ṣọ́ ọ láàárín ìgò àti abẹ́rẹ́ kò ní sùn. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Àmín. Ara wa le, ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, ewúrẹ́ sì ti bí ìbejì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o, ẹ̀kọ́ àgbà ti wọ̀ mí lára, nítorí náà bí o bá rí ibi tí lẹ́tà kan dùbúlẹ̀, gbé e dìde kí o máa kà á lọ.

Ṣùgbọ́n Ọládùnní, ìwé tí o kọ kẹ́yìn fẹ́ẹ̀ ba ayé mi jẹ́. Nígbà tí ó dé, inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ sí kíláàsì, mo ní kí Tíṣà Ọláníyì jẹ́ kí n fi ṣe ìwé kíkà mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mo ka ìkíni, wọ́n ní àmín. Mo wá ka ibi tí o ti ní èso lárà ni májèlé tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, pé èyí tí kò kún orí abẹ́rẹ́ lè pa géńdé ọkùnrin. Yéè! Kò sí ẹni tó ṣe àmín mọ́. Gbogbo ojú wá sára mi, nítorí ta ni kò mọ̀ pé èso lárà ni èmi Àjọkẹ́ fi ń ṣe ogìrì, bí ìyá mi ti ń ṣe é kó tó kàn mí? Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tó ń ta irú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà kò tilẹ̀ dúró kí n ka ibi tí o ti ní tútù rẹ̀ ló léwu. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Láti ìgbà náà, ogìrì mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó, mo ní mo ń bó èèpo rẹ̀, mo ń sè é títí omi yóò fi gbẹ tí n óò tún bu òmíràn, mo ń gún un, mo ń pọ́n ọn sínú ewé, mo ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò títí yóò fi kan, májèlé wo ni yóò fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀? Wọn kò gbọ́. Bàbá rẹ pàápàá ń sọ pé àwọn ti yó. Wọ́n á wo ọbẹ̀, wọ́n á wò mí, wọ́n á jẹ ẹ̀kọ lásán, wọ́n á mumi lé e. Ó dùn mí wọra.

Mo wá tún ìwé rẹ kà, mo rí i pé Ọlọ́run ti fi ọ̀nà àbáyọ sínú rẹ̀. O ní ẹ ń gún ehoro ní májèlé lárà díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò tó pa á, títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti í bá a jà, ẹ óò wá yọ omi tó mọ́ gaara lójú ẹ̀jẹ̀ náà. O ní bí ẹ bá kán an sí ohun tí májèlé wà nínú rẹ̀, yóò funfun bí omi ògì, bí ẹ bá sì tètè fún ehoro mìíràn tó ti gba májèlé nínú rẹ̀, kò ní kú. Ọmọ mi, ṣé ohun tí àwọn òyìnbó fi ń gba oorun lójú ara wọn nìyẹn? Àjẹsára mà ni! Kí ló wá dé tí wọ́n ń dààmú ehoro, nígbà tí bàbá rẹ wà nílé? Láti kékeré ni wọ́n ti ń jẹ ogìrì lárà díẹ̀díẹ̀. Ehoro wo ló jẹ ẹ́ tó wọn? Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni bá mọ májèlé yìí lójú, tiwọn ni.

Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n kọ́kọ́ bínú pé mo pe àwọn ní ehoro. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá òyìnbó yóò kọ orúkọ àwọn sára ìgò. Mo ní báwo ni kò ṣe ní kọ ọ́. Ó parí! Wọ́n wẹ̀, wọ́n gbé agbádá wọ̀, wọ́n mú ìgò ọtí kan tí mo fọ̀ dáadáa, ó di ọ̀dọ̀ dìsípẹ́ńsà tó ń pín oògùn, wọ́n ní kó fa ẹ̀jẹ̀ àwọn kún un. Ó ní kí ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe àwọn, iṣẹ́ ìjọba ni àwọn bá wá. Ó fún wọn ní oògùn ibà, ó ní kí wọ́n lọ sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sídìí ọbẹ̀ ogìrì báyìí o, wọ́n ní kí ẹ̀jẹ̀ àwọn má baà gbàgbé iṣẹ́. Wọ́n ní kí o bá àwọn bi òyìnbó iye tó ń san fún ehoro.

Bàbá rẹ ti ń jẹ ẹ́, ọjà ni kò tíì jẹ ẹ́. Àwọn oníbàárà mi ń gba iwájú mi kọjá bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ni wọ́n ń lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní ìwọ náà kò jẹ ogìrì mọ́, pé ọmọ Àjọkẹ́ gan-an ti sá fún ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìka ọwọ́ mi yìí ni mo fi tọ́ ogìrì sí ọ lẹ́nu nígbà tí o kò tíì lè jókòó, owó rẹ̀ ni mo fi rán ọ lọ síléèwé. Ẹ̀rù ń bà mí, Ọládùnní, n kò ní purọ́ fún ọ.

Mo di ogìrì sínú apẹ̀rẹ̀ tí awakọ̀ lọ́rì yóò gbé fún ọ, mo sì di irú Ọ̀ṣunfúnkẹ́ mọ́ ọn. Kán omi ẹ̀jẹ̀ ehoro sí méjèèjì, kí o wo èyí tí yóò funfun. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n kán an sí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ lẹ́nu, mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni yóò ti funfun. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ sí i fún kẹrosíìnì àti ọṣẹ, nítorí ọjà kò tà mọ́.

Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ, kí ọwọ́ rẹ má ṣìnà láàárín ìgò, kí o sì jèrè iṣẹ́ rẹ. Bí omi náà bá funfun nínú ogìrì mi, kọ̀wé sí mi, n óò fi ọwọ́ ara mi fọ́ ìkòkò ogìrì. Bí kò bá funfun, má wulẹ̀ kọ̀wé. Wọ lọ́rì, wá sílé lọ́jọ́ ọjà, jókòó tì mí, kí o sì jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn.

Èmi ìyá rẹ tí ń wo ọ̀nà,
Àjọkẹ́.