Àtẹ́wọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pa

Aramọkọ, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹta, 1985

Gómìnà ológun gba ìlú wa kọjá lọ sí Ẹ̀fọ̀n lónìí. Wọ́n ní kí gbogbo ilé-ìwé jáde wá pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá títì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ olùkọ́ àgbà wa, ló ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà! Ní yunifásítì, òyìnbó kan tó ń túmọ̀ èrò àwọn ọlọ́gbọ́n Jámánì ló gbà á lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá kọ́ mi pé iyì tí ọ̀gá bá fipá gbà lọ́wọ́ ẹrú kì í tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, torí ẹni tí kò lómìnira kò lè bu ọlá fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìlú kò tíì di ìlú, àfi tí oníkálukú bá ka ẹnìkejì rẹ̀ sí ènìyàn.

Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ dúró. Eruku rẹ̀ bò wá, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ti bá a tó ń sunkún.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ́mọ. Ká ní ẹ kò pàtẹ́wọ́ ni, wọn ì bá lé yín lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mo mọ̀. Ọ̀gá tí kò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn ni mo máa ń rò. N kò rò ó rí pé ẹrú náà á padà sílé lọ bá ìyàwó àtọmọ.”

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Ọ̀gá.” Bí a ti ń pè é nílé-ìwé nìyẹn.

“Jọ̀ọ́, orúkọ mi ni kí o pè.”

Àbúrò rẹ̀ ni mí. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kò gbà á.