Mo Fẹ́ Fẹ́ Ẹ

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ibẹ̀ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbi tí ẹ wà, ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kú, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàìsàn. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá lónìí. Ẹwìrì yín tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, ó ti ń mí padà. Inú ihò eyín àwọn ará Douala ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí báyìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín yọ́ góòlù ní ọjà Marché Central, tí ẹ ń ṣe eyín wúrà fún àwọn ìyá tó ti Mẹ́kà dé, ẹ ò lè rò ó láé pé ẹwìrì alágbẹ̀dẹ yóò di ara irinṣẹ́ dókítà. Mo ṣì ń rí yín lórí àpótí kékeré yẹn, tí ahọ́n yín á yọ díẹ̀ láàárín eyín bí góòlù bá ti ń yọ́, bíi pé ahọ́n ló ń darí iná. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹwìrì. Awọ méjì, ọ̀pá méjì: bí ọ̀kan bá ń gba atẹ́gùn sínú, èkejì á máa tú u síta, kí iná má baà rí àyè sinmi. Bí mo bá tòògbé, tí mo tẹ méjèèjì pọ̀, ẹ kì í bá mi wí. Ẹ ó kàn húkọ́ kékeré kan báyìí, ojú mi á là. Gbogbo ìbáwí yín láyé, inú ikọ́ yẹn ló wà. Ẹ kì í sì í fi ẹnu pa fìtílà, ẹ ní ẹnu ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹwìrì. Títí dòní, ọwọ́ ni mo fi ń pa àbẹ́là.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo kúrò ní ilé ìwòsàn, mo ṣí ilé ìtọ́jú eyín tèmi nítòsí ọjà Marché Dakar. Yàrá kan ṣoṣo ni, àga kan, dígí kan, àti ẹ̀rọ atẹ́gùn àlòkù kan tí mo rà. Ariwo ẹ̀rọ yẹn, Bàbá! Ó ń lé àwọn aláìsàn sá kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bí iná bá lọ, ó kú. Bí iná bá dé, á ṣì máa bínú. Orí omi ni àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ máa ń gbà wá láti Calabar, ṣùgbọ́n látìgbà tí ìjà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lórí ilẹ̀ Bakassi ti gbóná, tí àwọn sójà ti kún etí omi, ọkọ̀ ojú omi ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ni mo bá ra èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ló ní. Á fẹ́ fùù, á dúró mí. Níbi tó bá ti ń mí yẹn ni itọ́ yóò ti ya wọ inú ihò eyín tí mo fẹ́ dí, ohun tí mo bá sì fi dí i kò ní lẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì wé tirẹ̀ sínú bébà, ó gbé e padà wá fún mi bí ẹni dá ọjà padà.

Ibẹ̀ ni Àrúnà ti wọlé. Ọmọ Bamoun ni, láti Foumban, níbi tí wọ́n ti ń rọ idẹ. Mùsùlùmí ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tún àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ó tú ẹ̀rọ àlòkù mi palẹ̀, ó wò ó títí, ó nu ọwọ́.

“Docta, dis one don die. Make we bury am.”

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ìgbà tó yíjú padà ló rí ẹwìrì yín lára ògiri, níbi tí mo gbé e kọ́ sí kí n lè máa rí yín. Kò tọrọ àyè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Mo pariwo mọ́ ọn, Bàbá, mo pariwo débi pé aláìsàn tó wà níta dìde lọ. Àrúnà kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ̀pá méjèèjì mú: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Eruku fò jáde, ìró yẹn sì tẹ̀lé e, ìró ìgbà tí mo wà lọ́mọdé gan-an. Mo bú sẹ́kún. Ó ní bàbá bàbá òun náà ní irú rẹ̀.

Mo yọ̀ǹda fún un. Igi yín ṣì ni o, awọ ni a pààrọ̀. Ó ṣe é kó jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ni a ó máa fi tẹ̀ ẹ́ dípò ọwọ́. Ó mú rọ́bà inú bọ́ọ̀lù, ó fi àwọ̀n wé e, ó sọ ọ́ di ilé atẹ́gùn: awọ méjèèjì á máa tú tiwọn síbẹ̀, ti inú rọ́bà á sì máa jáde ní ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, láìdúró mí, bí omi tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde. Ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kí eruku má baà bá a wọlé. Àràárọ̀ ni mo ń se aṣọ náà. Lẹ́yìn náà, ó lu ẹnu mìíràn sí i níbi tó ti ń fa atẹ́gùn wọlé, ó so ìgò mọ́ ọn, ìyẹn sì ń fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́nu aláìsàn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó wà ní òpópónà kejì wá wò ó. Ó gbé e lọ dán wò lára ojú ọgbẹ́ kan tó kún fún ọyún, kò sì fẹ́ dá a padà mọ́! Àrúnà ti ń ṣe òmíràn fún un. Ẹwìrì yín ti bímọ, Bàbá.

Níbi tí a ti ń pààrọ̀ awọ ni nǹkan mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ. Ó ní kí n máa kọ́ òun ní Yorùbá. Ó ń kí mi ní ẹ káàárọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo kọ́ ọ pé bí ẹsẹ̀ bá ti wà lórí ẹwìrì, “fẹ́ ẹ” ni à ń wí. Nǹkan mìíràn tí “fẹ́ ẹ” tún ń jẹ́, mi ò sọ fún un. Ojú ń tì mí.

Ṣùgbọ́n mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù pé Àrúnà ni ọkàn mi yàn, ó sì kọ̀. Òun ni yóò dúró fún yín níbi yìgì, bó bá sì kọ̀, ó parí nìyẹn. Òfin yín ló gbé kalẹ̀ níwájú mi: ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọbìnrin yín, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé àwọn ọmọ-ọmọ yín lè má gbọ́ ohun tí ẹ ń wí. Nǹkan mìíràn tún wà ní ọkàn Ràfíù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́pàá dá a dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n béèrè carte de séjour, ìwé ìgbélùú àlejò, lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀ kó lọ gbé Bakassi dání. Ràfíù tí wọ́n bí sí New Bell, ní Douala níhìn-ín! Ó bi mí pé ṣé àwọn tó ń lé òun náà ni òun yóò fún ní àbúrò. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Alhaja Sàlámọ́tù wá ṣe eyín. Ẹ mọ̀ wọ́n, àgbà àwa ọmọ Ìwó tó wà níhìn-ín. Ẹ̀yin lẹ ṣe eyín wúrà wọn. Iṣẹ́ yín ò yẹ̀ o, aládùúgbò rẹ̀ ló jẹrà. Mo gún wọn lábẹ́rẹ́, mo gbẹ́ eyín náà, mo fi òwú dí wọn lẹ́nu yí ká, mo ti po ohun tí n ó fi dí ihò náà. Iná lọ, mo ní láti yí àga sí ojú fèrèsé kí n lè ríran. Bí mo bá sì dúró pẹ́, ohun tí mo pò yóò le mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹwìrì wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ mi ò dé ibẹ̀.

Àrúnà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán awọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò jẹ́ kọjá níwájú àgbà láìtọrọ àyè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹwìrì, èmi sì ni mo dúró láàárín òun àti ẹwìrì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ.”

Ojú Alhaja là kedere. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Èdè wa ò kúkú sọ bóyá igi ni “ẹ” yẹn àbí obìnrin. Òwú kún ẹnu wọn, wọn ò lè béèrè. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń ṣàdúrà, wọ́n ń mi orí sókè sódò: “Ùn! Ùn! Ùn!”

Èmi rò pé ẹwìrì ni wọ́n yọ̀ǹda. Àrúnà fò sórí rẹ̀, ọ̀tún, òsì, atẹ́gùn dé ọwọ́ mi, ihò eyín gbẹ fúrúfúrú, mo dí i. Itọ́ kan ò kán sí i. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Omijé ń dà lójú Alhaja, mo rò pé ìrora ni.

Mo kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ títí ẹnu wọn yóò fi jí. Ìgbà wo ni Alhaja Sàlámọ́tù gbọ́ràn rí? Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n ti fi ààbọ̀ ẹnu ròyìn fún gbogbo Marché Central. Ràfíù sáré wá bá mi, inú ń bí i, ṣùgbọ́n Alhaja ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ràfíù, níṣojú mi ni. Ó dọ̀bálẹ̀, Yorùbá ló sì fi tọrọ rẹ̀. Kí ni bàbá yín tún sọ lẹ́yìn ìyẹn?”

Mo ní láti sọ òótọ́. Mo ní ẹwìrì ló ń wí. Àfi bí Ràfíù ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró lójú ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ pe Àrúnà, ó sì fi Faransé ṣàlàyé nǹkan mìíràn tí “fẹ́ ẹ” ń jẹ́ fún un. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Àrúnà lè sọ pé àṣìsọ ni, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó kọjú sí àwòrán yín lára ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ.”

“Èwo?” ni Ràfíù bi í. “Ẹwìrì àbí ọmọ?”

“Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n.”

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yìgì. Alhaja ti ń jẹ ẹran pẹ̀lú eyín náà kí ọjọ́ tí mo dá fún wọn tó pé. Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí, pé ẹ ò rí i, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń kí mi ní ẹ káàárọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé ẹ̀ bá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ góòlù?

Àwọn àlùfáà máa ń sọ pé bí wọ́n bá bi ọmọge léèrè tó sì dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Èmi ò ní dákẹ́ ní tèmi, n ó dáhùn débi tí wọn yóò gbọ́ ọ ní àdúgbò Deido. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ó tọrọ mi lọ́wọ́ yín. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó síwájú àwòrán yín, tí mò ń bi yín bóyá ẹ gbà. Mo tẹ́tí sílẹ̀ fún ikọ́ kékeré yẹn, èyí tí ẹ máa ń hú bí mo bá ti ṣe é bí kò ṣe yẹ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ẹ ṣeun.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń jókòó ti ẹwìrì, tí kò tòògbé mọ́.